Ọ̀ọ́dúnrún Igi Tí Mo Fi Ẹnu Gbìn

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í fi ara mi ṣe kékeré. Bàbá mi kò ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá tó bí i náà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá ń sọ ohun tí ojú mi rí nínú igbó Emùré, tí ẹ rí i pé mo ń yin ara mi, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ orúkọ bàbá ẹni, ta ni yóò yin ni? Ìwé kejì ni mo kà dé kí owó tó tán lọ́wọ́ àwọn tó bí mi, síbẹ̀ ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tíṣà kò bá mi kọ ọ́, n kò sì fi han tíṣà.

Mi ò ní fi ìtàn ojú ọ̀nà dá yín dúró. Ọkọ̀ gbé mi dé ibi tó lè gbé mi dé, ẹsẹ̀ parí ìyókù. Ohun tó lé mi kúrò nílé ló yẹ kí ẹ gbọ́. Àrùn ló wọ oko kòkó bàbá mi ní abúlé wa lẹ́bàá Ìwó. Ẹ̀ka igi á kọ́kọ́ wú bí ojúgun ẹni tí ejò bù ṣán, ewé á pọ́n, igi á sì kú lórí ìdúró. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò ní fi igi bàbá òun sílẹ̀. Èmi ní òkú igi kì í so. Mo fi Àṣàkẹ́ ìyàwó mi àti ọmọ wa méjì sọ́dọ̀ ìyá mi, mo ní kí wọ́n dúró kí n lọ wá ibi tí a ó forí pamọ́ sí. Wọ́n ní ilẹ̀ tútù ń bẹ ní ìsàlẹ̀ Èkìtì. Mo lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Mo ti rò pé Yorùbá kan náà ni gbogbo wa ń sọ. Ọjọ́ tí mo dé iwájú Bàbá Fálànà, olóyè tó ni igbó tí mo fẹ́ gbà, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní:

"Ọ̀yọ́, uṣẹ́ lo wá ṣe ni, àbí ulẹ̀ lo wá gbà?"

Mo ní: "Bàbá, n kì í ṣe ará Ọ̀yọ́. Ẹ̀bá Ìwó ni mo ti wá."

Ó ní: "Kò sí ìyàtọ̀. Ẹni tí kò bá ti pe ulé ní ulé, Ọ̀yọ́ ni."

Àwọn tó jókòó tì í bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di Ọ̀yọ́. Bí mo bá bọ́ sí Ìsẹ̀, wọ́n á fi ahọ́n mìíràn pè mí ní Ọ̀yọ́. Bí mo bá dé Ìkẹ́rẹ́, n kò ní gbọ́ ju ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ lọ, ìdajì tí mo gbọ́ ọ̀hún sì lè jẹ́ èébú. Àpáta wọn pàápàá dúró gàgàrà lẹ́yìn ilé bí ẹni tó ń yọjú wo ohun tí ẹ ń sè. Iyán ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, iyán náà ni lálẹ́. Inú mi kò gbà á nígbà yẹn. Nísinsìnyí, bí iyán kò bá tíì wọnú, mo máa ń rò pé ara mi kò yá ni.

Bàbá Fálànà fún mi nílẹ̀. Lójú àgbà méjì ló sọ àdéhùn náà:

"Ulẹ̀ kì í ṣe tìrẹ. Ugi tí o bá gbìn ni tìrẹ. Lọ́dọọdún, wà á mú uṣu àti epo wá fún mi, ọjọ́ tí ugi bá so, wà á fi kòkó kún un. Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Ẹni tó bá jí ààlà ẹnìkejì rẹ̀ nínú ugbó mi, oòrùn ọjọ́ náà kò ní wọ̀ bá a níbẹ̀."

Mo ní mo gbọ́. Ta ni kò ní gbọ́?

Ilẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ láti etí odò, ó gun òkè títí dé ibi tí igi pèrègún mẹ́ta dúró sí. Láti ibi pèrègún yẹn lọ sí ojú ọ̀nà, ti Yèyé Bọ́lá ni, opó kan tí ọkọ rẹ̀ ti gbin kòkó síbẹ̀ kí ó tó kú. Tiwọn ti ń so nígbà tí mo dé. Tèmi, igbó dúdú ni. Èmi nìkan ni mo ṣán an. Kò sí ọkùnrin tó lè sọ pé òun bá mi gbé igi kan níbẹ̀, àfi tó bá fẹ́ parọ́.

Ọdún kìíní yẹn, ibà dá mi dùbúlẹ̀ nínú ahéré. Ọjọ́ kẹta ni mo gbọ́ ohùn obìnrin lẹ́nu ọ̀nà:

"Ọ̀yọ́! Ṣé o ti kú ni? N kò rí èéfín rẹ."

Yèyé Bọ́lá ló gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti àgbo wá. Mo ní kó má ṣe ìyọnu, pé ara mi le. Ó ní, "Ara rẹ le, ìwọ náà ló dùbúlẹ̀ bí aṣọ yìí. Mu ún. Bí o bá kú sí ẹ̀gbẹ́ oko mi, ta ni yóò bá mi gbé òkú Ọ̀yọ́ dé Ìwó?" Ó wá bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. N kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni nílé. Ẹni tó lọ wá ọlá kì í ránṣẹ́ pé opó ló ń fún òun lẹ́kọ.

Tẹlifóònù jẹ́ ti òyìnbó nígbà náà. Tiwa ni Súlè, dírẹ́bà kan tó máa ń wá kó kòkó, tó sì máa ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá lọ sílé. Ọ̀rọ̀ tí o bá fi sí i lẹ́nu, kò ní dín, kò ní lé. Mo ní kó bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé oko mi tóbi débi pé bí èèyàn bá dúró ní ìpẹ̀kun kan tó bá kígbe, ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun kejì kò ní gbọ́.

Súlè ronú díẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹni náà dití ni?"

Mo ní, "Jẹ́ iṣẹ́ bí mo ṣe rán ọ."

Ó jẹ́ ẹ. Ìgbà tó padà wá, ó ní ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kú oríire, òun ti ròyìn oko náà ní mọ́sálásí, ìyá mi sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n bí Súlè ti lọ tán, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ahéré, mo wo ilẹ̀ tí mo ti ṣán, mo sì rí i pé bí mo bá wúkọ́, wọ́n á gbọ́ ní ìpẹ̀kun kejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín, ẹ̀yin tí ẹ kò kúrò nílé rí. Ènìyàn kì í mọ iye ohun tí ilé ń bá a sọ títí yóò fi dé ibi tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Nílé, bí mo bá dákẹ́, ògiri ilé bàbá mi ń sọ̀rọ̀ fún mi, sàréè àwọn baba ńlá mi ń sọ̀rọ̀ fún mi. Nínú igbó Emùré, bí mo bá dákẹ́, mo dákẹ́ nìyẹn. Ẹnu àlejò ni ilé rẹ̀. Òun ni mo ń kọ́ lójoojúmọ́, mo sì ń fi yàrá kún un.

Ọdún kẹta ni Àṣàkẹ́ kó àwọn ọmọ wá bá mi. Ó yí oko po kí ó tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ràfíù, ó dára o. Ìyókù ńkọ́?"

Mo ní ìyókù ń bọ̀. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ dáná.

Kòkó mi dàgbà, ó so. Mo ń mú ìṣákọ́lẹ̀ mi lọ fún Bàbá Fálànà, ó ń gbà á, ó ń sọ pé Ọ̀yọ́ yìí mọ oko. Nígbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ilé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, Ràfíù tèmi náà wà níbẹ̀, ó ń sọ ulé bí ọmọ Emùré. Mo ti ń rò pé ó ti parí nìyẹn. Ìgbà náà ni mo rí ẹ̀ka kan tó wú.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Kì í ṣe ẹnu o. Gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ kò rí irú rẹ̀ rí, wọ́n ní kòkòrò ni. Mo ní kì í ṣe kòkòrò, òun ló lé mi kúrò nílé. Kò pẹ́ ni ìjọba tiwa tó wà ní Ìbàdàn rán àwọn ará àgíríkì wá. Wọ́n ní àwọn óò gé gbogbo igi tó ti ní àrùn àti àwọn tó yí i ká, ṣùgbọ́n ìjọba yóò san owó ìrànlọ́wọ́ lórí igi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gé, wọn óò sì fún olóko ní irúgbìn tuntun. Kí ẹni kọ̀ọ̀kan wá sọ iye igi tó ní.

Ṣé ẹ rò pé àwọn olóko gbà wọ́n gbọ́? Wolé-wolé oko ni wọ́n sọ wọ́n lórúkọ. Wọ́n ní kò sí ìjọba tí í ka nǹkan ènìyàn tí kì í fi kún owó orí rẹ̀. Wọ́n ní àwọn bàbá àwọn kò ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ta ni yóò wá ka igi fún onígi?

Ọjọ́ tí akọ̀wé àgíríkì dé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Fálànà ló jókòó sí. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni, ó wọ ṣòkòtò péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ gígùn. Òjò ti rọ̀, kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ ba ìbọ̀sẹ̀ náà jẹ́, nítorí náà kò lọ sóko. Ó ní kí a máa sọ ọ́ lẹ́nu.

Bàbá Fálànà ló kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Ó ní, "Ogójì."

Ogójì! Oko tí ó gba ènìyàn ní odindi àárọ̀ láti rìn já. Akọ̀wé kọ ọ́. Ẹni tó tẹ̀ lé e ní méjìlélógún. Ẹni tó tẹ̀ lé ìyẹn ní òun kò rò pé tòun tó mẹ́wàá. Ó wá kan èmi. Ọ̀kan nínú wọn fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹnìkejì rẹ̀, ó ní:

"Ó ku Ọ̀yọ́. Ọ̀yọ́, ìwọ tí o ń bá wa pariwo oko láti ọjọ́ yìí, àbí mẹ́wàá ni ìwọ náà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wo ojú gbogbo wọn. Mo ní, "Ọ̀ọ́dúnrún."

Akọ̀wé gbé orí sókè. "Láti ibo dé ibo, ẹ̀gbọ́n?"

Mo ní, "Láti etí odò dé ojú ọ̀nà."

Ẹ ti gbọ́ ohun tí mo sọ. N kò sọ pé dé ibi pèrègún. Mo ní dé ojú ọ̀nà. Oko Yèyé Bọ́lá wà nínú rẹ̀. Yèyé kò sí nílé, ó ti lọ sí Ìkẹ́rẹ́ lọ wẹ ọmọ fún Bọ́lá ọmọ rẹ̀ tó bímọ tuntun. Gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀ sì mọ ibi tí ilẹ̀ mi mọ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tako mi. Kí ló fà á? Owó orí ni wọ́n rò pé à ń kà! Wọ́n rò pé mo ń fi ẹnu mi di ẹrù lé orí mi. Mo gbọ́ tí Bàbá Fálànà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Jẹ́ kó máa kà á. Òun ni yóò san án."

Ìyẹn nìkan kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi, n kò ní fi pamọ́. Ọjọ́ tí àwọn agégi dé, ọ̀gá wọn dúró níbi pèrègún, ó ní, "Ṣé ibí ló parí sí, àbí ká máa lọ?" Àyè wà láti sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ ọ̀ọ́dúnrún sínú ìwé, ìwé sì ti lọ. Mo ní, "Ẹ máa lọ." Mo wo igi Yèyé kí wọ́n tó gé wọn, mo rí i pé àwọn náà ti ń wú, mo fi ìyẹn tu ara mi nínú. Wọ́n ń dún bí wọ́n ṣe ń wó lulẹ̀, àwọn igi náà. Wọ́n ti dàgbà ju tèmi lọ.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìròyìn dé pé owó ti dé, pé kì í ṣe owó orí rárá. Ẹni tó ní ogójì yóò gba ti ogójì. Ẹ wo bí àwọn àgbàlagbà ṣe ń di orí mú. Ṣùgbọ́n èyí tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ló da igbó rú: ìjọba ní wọ́n á lẹ orúkọ gbogbo àwọn tí yóò gba owó mọ́ ara ògiri kọ́ọ̀tù fún ọjà mẹ́ta, pẹ̀lú iye igi oníkálukú, tíṣà yóò sì kà á sókè ní ọgbà ilé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ ọ́ kí owó tó jáde.

Bàbá Fálànà fárí gá. Ó ní, "Akọ̀wé, ọmọ mi, ṣé o fẹ́ tú wa sí ìhòòhò ni? Pè mí sí kọ̀rọ̀, fún mi ní tèmi. Kí ló kan ẹni tó ń kọjá lọ?"

Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀ kí ó tó fèsì. Ó ní, "Bàbá, owó kòkó gbogbo yín ni wọ́n kó jọ tí wọ́n fi ń ṣe é. Bí a bá fún yín ní kọ̀rọ̀, ìyá tó wà lókè yẹn kò ní mọ̀ bóyá tirẹ̀ ló bọ́ sọ́wọ́ yín."

Wọ́n ní ọmọ náà kò ní ẹ̀kọ́. Ìyá tó wà lókè yẹn! Mo rò pé ó ti mọ̀ nípa oko Yèyé. Kò mọ nǹkan kan, ó kàn ń fi ṣe àpẹẹrẹ ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Yèyé Bọ́lá dé láti Ìkẹ́rẹ́. N kò lọ kí i. Òun ló wá bá mi lóko. Mo ń gbin irúgbìn tuntun lọ́wọ́ nígbà tí mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ilẹ̀ níwájú mi.

"Ọ̀yọ́, ẹ kú uṣẹ́."

"Yèyé, ẹ káàbọ̀. Ọmọ ńkọ́?"

"Ọmọ wà. Ugi mi ńkọ́?"

Mo ní, "Ìjọba ló gé e, Yèyé. Àrùn ti wọ̀ ọ́."

"Mo gbọ́. Ṣé ìjọba mọ ojú ọ̀nà oko mi ni? Ta ló mú wọn wá?"

Mo ń fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀ mọ́ ìdí irúgbìn. Mo rò pé yóò kígbe, yóò pe èèyàn, mo sì ti wá ọ̀rọ̀ tí n ó sọ. Kò kígbe. Ó ní, "Wọ́n ní ọjọ́ kẹta ni wọn óò kà á. N kò ní lọ sọ́dọ̀ Fálànà. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí ìwé yóò sọ, mo sì fẹ́ gbọ́ ohun tí ìwọ yóò sọ." Ó yí padà lọ, ó ń gba àárín àwọn kùkùté kọjá, ó ń fi ọwọ́ kan wọn.

Àṣàkẹ́ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìdí iná. Nígbà tí a jẹun tán, ó kó àwo kúrò nílẹ̀. Ó wá ní, "Bàbá Ràfíù, oko rẹ kò kéré. Ẹnu rẹ ló gùn jù ú lọ."

Mo bínú. Mo ní bí mo bá sọ òtítọ́, Bàbá Fálànà yóò lé wa, àdéhùn ni. Irúgbìn tuntun tí mo ń gbìn yóò di ti ẹlòmíràn. Níbo ni a ó kó ọmọ lọ? Ṣé sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi tó dúró ti òkú igi?

Ó ní, "Bí o kò bá sì sọ ọ́ ńkọ́? Ṣé o ó máa gba ẹ̀gbẹ́ oko obìnrin yẹn kọjá lójoojúmọ́?"

Ọjọ́ náà pé. Gbogbo abà ló kún ọgbà ilé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì náà, àwọn tó ní oko àti àwọn tí kò ní. Èmi tí n kì í wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú fìlà mi lórí. Yèyé Bọ́lá jókòó sí ìdí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Olóyè Fálànà. Igi kòkó, ogójì." Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. Ojú Bàbá le bí àpáta. Ó ka ẹni tó ní méjìlélógún. Ó ka ẹni tó ní mẹ́wàá.

Lẹ́yìn náà ni ó ka orúkọ mi àti orúkọ bàbá mi.

Láti ìgbà tí mo ti dé igbó yẹn, n kò gbọ́ orúkọ bàbá mi lẹ́nu ẹnikẹ́ni ju ti ìyàwó mi lọ. Ohùn tíṣà dùn, ó pè é ketekete. Àwọn èèyàn ń wo ara wọn: "Ta nìyẹn? Ta nìyẹn?" Ẹnìkan ní, "Ọ̀yọ́ mà ni!" Tíṣà ní, "Igi kòkó, ọ̀ọ́dúnrún."

Ariwo sọ. Àlejò ju onílẹ̀ lọ! Ó yẹ kí inú mi dùn. Ọjọ́ tí mo ti ń wá nìyẹn, pé kí wọ́n pe orúkọ bàbá mi ní gbangba, kó sì ga ju ti gbogbo wọn lọ. Irọ́ ni wọ́n sì so mọ́ ọn.

Akọ̀wé ní, "Ẹni tó bá ní àtakò, ó yá."

Mo wo Yèyé Bọ́lá. Kò dìde. Ó kàn ń tún gèlè rẹ̀ wé, ó ń wò mí. Bó bá ti bú mi ni, ǹ bá ti bú u padà, mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ìdákẹ́ yẹn ni n kò mọ bí a ṣe ń dá a lóhùn.

Mo dìde. Mo ní, "Tíṣà, ẹ dúró níbẹ̀. Irọ́ wà nínú ìwé yín, èmi ni mo fi í síbẹ̀. Oko mi kò tó bẹ́ẹ̀."

Ẹ gbọ́ mi. Mo ti fi orí kan ru àpò kòkó méjì rí lójú àwọn ẹlẹ́rìí. Kò wúwo tó gbólóhùn yẹn.

"Ibi pèrègún ni tèmi mọ. Láti ibẹ̀ dé ojú ọ̀nà, ti Yèyé Bọ́lá ni."

Ọ̀kan nínú wọn kígbe pé, "Ọ̀yọ́ ti gé ara rẹ̀ kúrú!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Bàbá Fálànà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mélòó ni ti Yèyé nínú rẹ̀?"

"N kò mọ̀, Bàbá."

"Ìwọ tí o mọ gbogbo nǹkan?"

Akọ̀wé ní ẹ̀bi òun náà ni, òun kò rìn ín. Lójú ẹsẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sínú àpò, ó ní kí a lọ ka kùkùté. Gbogbo èrò tẹ̀ lé wa. Ewé ni a ń fi lé orí kùkùté tí a bá ti kà, kí ẹnikẹ́ni má bàa kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a dé apá ti Yèyé, a kò nílò ewé. Ó ń tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní èyí ni ọkọ òun gbìn lọ́dún tí wọ́n bí Bọ́lá. Èyí ni ewúrẹ́ jẹ ṣẹ́kù tó tún hù. Èyí ni òun bímọ sábẹ́ rẹ̀, ọmọ náà kò dúró. Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu àwọn èèyàn. Ọ̀kan nínú àwọn tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣí fìlà rẹ̀.

Tirẹ̀ jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Tèmi jẹ́ igba ó dín mẹ́wàá. Ẹ kà á pọ̀, kò pé ọ̀ọ́dúnrún. Kódà lẹ́yìn tí mo fi oko olóko kún tèmi, irọ́ mi tún ṣẹ́kù.

Wọ́n tún ìwé náà kọ, wọ́n lẹ̀ ẹ́ padà mọ́ ògiri kọ́ọ̀tù. Orúkọ Yèyé wà lórí rẹ̀. Ó gba tirẹ̀, mo gba tèmi. N kò lè dúró níwájú rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ bó ṣe yẹ. Gbogbo ohun tí mo lè ṣe ni pé mo lọ bá a gbin irúgbìn rẹ̀, gbogbo mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, kí n tó parí tèmi. Ó ń gbé omi tẹ̀ lé mi.

Ṣùgbọ́n Bàbá Fálànà kò tíì dá ẹjọ́. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ulẹ̀ rẹ ń bẹ lọ́wọ́ mi." Ó fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí òjò fi dá. Ẹ wo bí oorun ṣe ń rí fún ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Nígbà tí Súlè kọjá, mo ní kó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé oko mi kò tó bí mo ti wí, pé igba ó dín mẹ́wàá ni, wọ́n sì ti gé e. Súlè wò mí bóyá mo ń ṣàìsàn. Ìgbà tó padà, ó ní ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gbọ́: igba ó dín mẹ́wàá kò kéré. Òun kò ní ẹyọ kan. Mo wọ inú ahéré, mo ti ilẹ̀kùn. Ohun tí mo ṣe níbẹ̀ kò kàn yín.

Àrùn kò dúró. Àwọn wolé-wolé oko padà wá fún ìyókù igi, nítorí àwọn tó ti fi igi pamọ́ ní ìjọ́sí ló ń pariwo jù pé kí wọ́n wá ka tàwọn. Lọ́tẹ̀ yìí, akọ̀wé ní òun kò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́. Kí abà yan ẹni tí yóò máa bá òun rìn. Wọ́n ń dá orúkọ ọmọ onílẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ kí ìbátan ẹnìkejì ka oko òun. Yèyé Bọ́lá ló là á. Ó ní, "Ẹ mú Ọ̀yọ́. Kò ní ìyekan níbí tí yóò bò. Ojú sì ti tì í rí, kò ní fẹ́ kó tún tì í."

Báyìí ni àlejò di ẹni tí ń ka igi onílẹ̀. Ẹ wá ẹlòmíràn tó dé ibẹ̀ rí, mo ń dúró dè yín.

Oko Bàbá Fálànà ni a kọ́kọ́ lọ. Ó ti jókòó sórí igi tó wó lẹ́nu ọ̀nà oko, ọ̀pá rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀. Akọ̀wé kí i, ó ní kí Bàbá sọ iye tó ṣẹ́kù. Bàbá kò wo akọ̀wé. Èmi ló ń wò.

Ó ní, "Ẹgbẹ̀ta."

Mo ti rìn nínú oko yẹn lọ́dọọdún tí mo bá ru ìṣákọ́lẹ̀ wá. Kò tó ẹgbẹ̀ta. Ilẹ̀ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, irúgbìn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ewé kẹta. Akọ̀wé gbé kálámù sókè, ó ń dúró dè mí.

Mo dọ̀bálẹ̀. Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti sọ ọ́: "Bàbá, ẹ jẹ́ ká rìn ín."

"Mo ní ẹgbẹ̀ta."

"Mo gbọ́ yín, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká rìn ín."

Ó sún ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. A wọlé, a kà á, èmi níwájú, akọ̀wé lẹ́yìn. Oòrùn ti kanrí kí a tó jáde. Irínwó ó lé mẹ́jọ ni. Akọ̀wé kà á fún un. Bàbá Fálànà fi ọ̀pá rẹ̀ ha ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ó ní, "Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó wá kọjú sí mi. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí o ti dé, àlejò ni mo ń pè ọ́. Àlejò kan kò bá mi jiyàn nínú oko mi rí. Àwọn ọmọ tí mo bí ló ń ṣe irú yẹn."

Mo tún dọ̀bálẹ̀, láìsí ẹni tó ní kí n ṣe é. Èmi náà!

Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí apá ìsàlẹ̀. Ó ní, "Kí lo dúró wò? Ulẹ̀ rẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Ẹ ò tíì ka oko àwọn tó kù létí odò."